"Wọ́n ti lọ́ọ̀kì ẹ̀": kí ni boot code ní í ṣe pẹ̀lú Switch tòkúnbọ̀ tó wà nílé yín?

Ọ̀rọ̀ ẹnu kan tí ẹnì kan gbà sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí kan ní Kubwa, ní Abuja, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Nintendo ti ń pa ẹ̀rọ géèmù tòkúnbọ̀ láti òkè òkun, pé kí ẹni tó bá ní Switch nílé má jẹ́ kó fojú kan Wi-Fi mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Lugbe, ó ti dé Mararaba. Ìyá kan ní ti ọmọ òun kò tàn mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá kan ní ti òun ń tàn, àmọ́ kò wọ ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù mọ́. Bàbá mìíràn ní ẹnjiníà kan gbowó lọ́wọ́ òun pé òun á bá a "ṣí i", ó sì dá a padà bó ṣe gbà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ gbólóhùn kan náà: "Wọ́n ti lọ́ọ̀kì ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ o. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà Nintendo, kò sí nínú ẹ̀rọ ọmọ náà rárá. Ọ̀kan jẹ́ nǹkan tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ṣe sí i kó tó tà á. Ẹ̀kẹta jẹ́ kóòdù bíńtín kan tí wọ́n gbẹ́ sínú chip nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tí Nintendo fúnra rẹ̀ kò lè yí padà mọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n ń pè ní boot code. Òun ni kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ariwo yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbòde?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Nintendo tún àdéhùn tí oníbàárà ń gbà kọ. Nínú èyí tí wọ́n kọ fún Amẹ́ríkà, wọ́n ní bí ẹnì kan bá tú ohun ààbò ẹ̀rọ tàbí tó lo géèmù ayédèrú, àwọn lè sọ ẹ̀rọ náà di aláìwúlò títí láé, ìbáà jẹ́ gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń lo Switch ní Nàìjíríà, Amẹ́ríkà la fi ṣe ibùgbé nínú account wa, nítorí náà àdéhùn yẹn kàn wá.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ni Switch 2 jáde. Oṣù náà kò tíì parí tí àwọn tó ki káàdì MIG bọ ẹ̀rọ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí nọ́ńbà àṣìṣe 2124-4508 lójú ẹ̀rọ. MIG jẹ́ káàdì tí èèyàn lè da ẹ̀dà géèmù sí, tí ẹ̀rọ á rò pé káàdì gidi ni. Ẹ̀rọ wọn ń tàn, káàdì géèmù gidi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dópin lórí rẹ̀. Ìyà yìí kì í tẹ̀ lé orúkọ ẹni, ara ẹ̀rọ ló lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ní tòkúnbọ̀ ra ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́ ọn.

Ban nìyẹn. Orí kọ̀ǹpútà Nintendo ni ìwé orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n lé wà, kò sí ohun tí ẹnjiníà kankan lè tú nínú ẹ̀rọ tí yóò pa á rẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò wọ ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù mọ́ parí síbẹ̀.

Kí wá ni boot code?

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ, kò mọ nǹkan kan. Kò mọ̀ pé òun ní ojú tó ń tàn, kò mọ̀ pé mẹ́mórì wà lára òun, kò gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́ géèmù rí. Ibì kan ṣoṣo ló mọ̀ láti kọ́kọ́ lọ: ìwọ̀nba kóòdù tó wà nínú chip fúnra rẹ̀. Òun ni boot code, ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ni wọ́n ń pè ní boot ROM. Iṣẹ́ tí kóòdù yìí ń ṣe kò pọ̀. Á wá kóòdù tó kàn lórí mẹ́mórì, á wò ó bóyá ilé iṣẹ́ ló fọwọ́ sí i lóòótọ́, bó bá rí bẹ́ẹ̀ á gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ìyẹn náà á yẹ èyí tó tẹ̀ lé e wò, títí á fi kan géèmù tí ọmọ fẹ́ ta.

Ẹ fi ẹsítéètì kan ní Lokogoma ṣe àpẹẹrẹ. Máígàdì tó wà ní géètì ìta mọ sáìn alága dunjú. Ẹni tí kò bá mú ìwé tí alága sáìn wá, kò wọlé. Ẹni tó bá wọlé ló ń lọ ṣọ́ géètì kejì, òun náà ló ń yan ẹni tó máa ṣọ́ ẹ̀kẹta. Bí máígàdì ìta bá lọ gba olè wọlé, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí géètì tó kù, olè yẹn ló máa yan àwọn tó ń ṣọ́ wọn.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń dá sáìn mọ̀? Kọ́kọ́rọ́ méjì ni. Ọ̀kan ń sáìn, ìkejì kàn ń yẹ sáìn wò ni. Èyí tó ń sáìn wà lábẹ́ àkóso ilé iṣẹ́, kì í jáde. Èyí tó ń yẹ sáìn wò ló wà nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n tà. Ẹni tó bá tú ẹ̀rọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó sì rí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀, kò tíì rí ohun tó lè fi sáìn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá ọ̀nà wọlé kì í fi í lé kọ́kọ́rọ́. Ibi tí máígàdì ti máa ń ṣe àṣìṣe ni wọ́n ń wá.

Gbígbẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ sínú chip ni agbára boot ROM, òun náà sì ni àìlera rẹ̀. Kò sí kòkòrò kọ̀ǹpútà tó lè wọ inú rẹ̀ lọ kọ nǹkan mìíràn. Àmọ́ bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe ọ̀hún di àpá.

Ṣé orí Switch ló ti bẹ̀rẹ̀?

Rárá. Game Boy tó jáde ní 1989 ní boot ROM tí kò ju báìtì 256 lọ, kò gùn tó ìpínrọ̀ kan nínú àlàyé yìí. Àwọn tó lò ó yóò rántí orúkọ Nintendo tó máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ látòkè bí ẹ bá tàn án. Ọ̀ṣọ́ lásán kọ́ ni o. Inú káàdì géèmù ni ẹ̀rọ ti ń ka àwòrán orúkọ yẹn, báìtì 48, á fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, á dúró gbagidi. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ju ti kọ̀ǹpútà lọ: ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù láìgbàṣẹ gbọ́dọ̀ da orúkọ Nintendo kọ sínú káàdì rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á sì fi gbé e lọ sí kóòtù. Bí ẹ̀rọ bá ti wò ó tán, boot ROM á ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ kí géèmù má bàa rí i kà. Ọdún 2003 ni ẹnì kan tó rí i kà, lẹ́yìn tó ṣí chip náà, tó wo inú rẹ̀ lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi.

PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti Sony, ńkọ́? Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ láàárín wa mọ PSP tí wọ́n ti "crack" dáadáa, àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé bátìrì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Sony ṣe bátìrì kan fún àwọn tó ń tún un ṣe, nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀. Bí boot code PSP bá ti rí nọ́ńbà yẹn, kò ní wo mẹ́mórì inú mọ́, orí Memory Stick, káàdì mẹ́mórì tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, ló máa lọ wá kóòdù tó kàn. Ní 2007 àwọn èèyàn wá bí bátìrì lásán ṣe lè máa pe ara rẹ̀ ní bátìrì oníṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Pandora. PSP-3000 tó jáde ní 2008 kò gbà fún un mọ́. Chip tuntun ni Sony fi dí i, kì í ṣe update.

Ti Nintendo 3DS ló dùn mọ́ èmi nínú jù. Sáìn gan-an ni boot ROM rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Inú sáìn fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ ibi tí ẹ̀rọ yóò ti ka ohun tó fẹ́ fi wéra sí, boot ROM kò sì béèrè bóyá ibẹ̀ ti kọjá etí ìwé. Àwọn kan bá ń dán nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi rí sáìn ayédèrú kan tó ń darí rẹ̀ síbi tí èsì tí òun fúnra rẹ̀ ṣírò wà. Ó wá ń fi èsì ara rẹ̀ wé èsì ara rẹ̀, ó ní méjèèjì bára mu. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Hamburg, ní Jámánì, ní oṣù Kejìlá 2016. Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún 2017, ohun tí oníkálukú lè lò ti jáde.

Bí àwọn ẹnjiníà fóònù ní Farm Centre ní Kano bá ń ka èyí, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe inú boot ROM náà ni checkm8 tó jáde ní 2019, tó kan iPhone 4S títí dé iPhone X.

Àṣìṣe wo ló wá wà nínú Switch?

Oṣù Kẹta 2017 ni Switch àkọ́kọ́ jáde. Tegra X1 tí NVIDIA ṣe ni chip rẹ̀, NVIDIA náà ló kọ boot ROM inú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀yìn kan sílẹ̀ fún ìgbà tí mẹ́mórì bá bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ ni RCM. Bí ẹ̀rọ bá wà ní RCM, á jókòó jẹ́ẹ́, á máa retí kóòdù láti ojú USB. Bí kóòdù ọ̀hún bá dé, á ṣì béèrè sáìn, ìyẹn dára. Àmọ́ kó tó kan orí sáìn rárá, kọ̀ǹpútà tó wà lódì kejì lè bi í ní ìbéèrè kékeré kan, kó sì fúnra rẹ̀ sọ bí èsì tó ń retí ṣe gùn tó. Boot ROM gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bó ṣe wà. Ẹni tó bá ní báìtì 65,535 lòun fẹ́, ó ń dà á kọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ibi tó ń kọ ọ́ sí kò gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ó dà bí akọ̀wé tí wọ́n ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ sójú ewé kan, tí kò mọ ìgbà tí ewé kún. Ó kọ̀wé kọjá etí, ó bọ́ sójú ewé kejì níbi tí ọ̀gá rẹ̀ kọ iṣẹ́ tó kàn sí, ó kọ tirẹ̀ lé e lórí. Nígbà tó gbójú sókè láti wo iṣẹ́ tó kàn, ọ̀rọ̀ àlejò ló bá níbẹ̀, ó sì ṣe é. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Bí èèyàn ṣe ń débẹ̀ rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ yọ Joy-Con ọ̀tún, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ ojú ọ̀nà tó máa ń wọ̀, ẹ óò rí irin tín-ín-rín mélòó kan tó tò síra. Ẹ̀kẹwàá ni wọ́n ń so pọ̀ mọ́ ilẹ̀ iná. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ìyẹn, àmọ́ ike kékeré kan tí wọ́n ń pè ní jig ni àwọn ẹnjiníà ń lò kí wọ́n má bàa jó o. Wọ́n á di bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè mú, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì iná. Ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn biribiri, kò ní fi nǹkan kan hàn.

Ní oṣù Kẹrin 2018, Kate Temkin àti ẹgbẹ́ ReSwitched, àwọn tó ń wá àṣìṣe nínú Switch, gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ Fusée Gelée, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ fail0verflow náà sì gbé tiwọn jáde. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti rí àṣìṣe kan náà. Temkin ti sọ fún NVIDIA ṣáájú. Nígbà yẹn, Switch tó ti wà níta lé ní mílíọ̀nù 17.

Ṣé update kò lè dí i ni?

Kò lè dí i. Orí mẹ́mórì ni update ń lọ, inú chip ni àṣìṣe wà, boot ROM sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán kí update tó jí rárá. Ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ti lè tún un ṣe. Inú chip yẹn, wọ́n fi àwọn fíúsì kéékèèké kan sílẹ̀ tí wọ́n lè jó kó lè bo àwọn ibì kan nínú boot ROM. Láti àárín 2018 ni Switch tí wọ́n ti jó fíúsì yìí fún ti ń jáde. Ní 2019, Nintendo bọ́ sórí chip tuntun, òun ló wà nínú Switch tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ àti nínú Switch Lite, òun náà ló wà nínú OLED tó jáde ní 2021. Jig kò rí wọn gbé ṣe.

Ọ̀nà tó kù fún àwọn wọ̀nyí ni kí wọ́n fi òjé jó chip mìíràn mọ́ pátákó inú. Iṣẹ́ chip yẹn ni pé á já iná ẹ̀rọ ńlá gbà díẹ̀, fún ìgbà tó kéré ju ìṣẹ́jú àáyá lọ fíìfíì, ní àkókò gan-an tí boot ROM ń yẹ sáìn wò. Ojú máígàdì ṣú, àlejò ti kọjá. Iṣẹ́ ọwọ́ líle ni. Ibi tí òjé ti ń kán sí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ti kú sórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Fíúsì mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn ń pàpọ̀ mọ́ èyí. Update mìíràn máa ń jó fíúsì kan, ìyẹn ni ẹ̀rọ fi ń ka ibi tó dé. Bí ẹ bá dá a padà sí ẹ̀yà àtijọ́, kóòdù tó tẹ̀ lé boot ROM á ka fíúsì, á rí i pé èyí tó ti jó ti pọ̀ jù, kò ní tàn.

Bí ẹ̀rọ kò bá tàn, ṣé ó ti kú nìyẹn?

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá tó ní ti ọmọ òun kò tàn mọ́ gbé e lọ bá ẹnjiníà kan ní Wuse. Ọmọkùnrin náà kò wá sikurúdíráfà rárá. Ó ki wáyà USB bọ ẹ̀rọ, ó so ó mọ́ laptop rẹ̀, ó ń wo orúkọ àwọn nǹkan tí laptop rí. Lẹ́tà mẹ́ta kan yọ níbẹ̀: APX.

"Mọ́mì, kò kú o," ló wí. "Ó kàn ń retí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ ni."

"Láti ọjọ́ mẹ́ta? Ta ló ń retí, ọmọ mi?"

APX ni orúkọ tí Switch máa ń jẹ́ lójú Windows bó bá wà ní RCM. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà ló tan ohun tí wọ́n ń pè ní AutoRCM. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé kékeré kan jẹ́ lórí mẹ́mórì, ìwé tí boot ROM gbọ́dọ̀ kà kó tó lọ síwájú, kí ẹ̀rọ lè máa bọ́ sí RCM fúnra rẹ̀ láìlo jig. Fún ẹni tó ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́, ìrọ̀rùn ni. Fún ọmọ tó rà á ní tòkúnbọ̀, tó jẹ́ kí bátìrì tán, tó wá tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn tó gba iná, òkú ẹ̀rọ ni. Bátìrì sì ń lọ nínú òkùnkùn yẹn. Ẹnjiníà fi ètò kan tó ń jẹ́ Hekate ránṣẹ́, ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó pa AutoRCM, ó tan ẹ̀rọ padà bí ẹlẹ́rọ ṣe ń tan ẹ̀rọ. Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. (Iye tó gbà kò kéré, ṣùgbọ́n ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì.)

Àwọn wo ló ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́?

Ti Nintendo kò fara sin: ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣí ni wọ́n fi ń ta géèmù ayédèrú, owó tó jáde lára àwọn tó kọ géèmù ni. Ó sì ti gbé èèyàn lọ sí kóòtù. Team Xecuter ta ohun èlò tó ń ṣí Switch, kóòtù Amẹ́ríkà sì rán ọ̀kan nínú wọn, Gary Bowser, ọmọ Kánádà, lọ sẹ́wọ̀n oṣù 40 ní oṣù Kejì 2022.

Àwọn tó ń wá àṣìṣe kiri kì í fẹ́ kí wọ́n da àwọn pọ̀ mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fowó ra ẹ̀rọ, wọ́n ní tirẹ̀ ni, bó bá fẹ́ fi kọ géèmù tirẹ̀ tàbí kó fi Linux sí i, kò yẹ kó tọrọ ààyè. Ìdí kan tí àwọn ReSwitched fi gbé Fusée Gelée síta lọ́fẹ̀ẹ́ ni kó má di ọjà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á.

Àwọn tó ń tọ́jú géèmù àtijọ́ ní tiwọn ń wo ọjọ́ iwájú. Ní oṣù Kẹta 2023, Nintendo ti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì 3DS pa, ẹni tí kò bá ti ra géèmù orí rẹ̀ kò lè rà á mọ́. Wọ́n ní láìsí àpá inú boot ROM yẹn, púpọ̀ nínú géèmù wọ̀nyí ì bá ti bá ọjà lọ.

Àárín àwọn wọ̀nyí ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa wà. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, oníbàárà ni wọ́n ń dá lóhùn.

Kí ni òfin wí?

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ka títú ohun ààbò tí oníṣẹ́ fi dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ léèwọ̀. Abuja níbí ni orílé-iṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó o wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1998 ló ṣe irú rẹ̀, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta sì ni wọ́n ń wò ó bóyá wọ́n á yọ nǹkan kan kúrò. Wọ́n yọ fóònù ní 2010. Ní 2021 wọ́n gbà kí èèyàn tú ààbò ẹ̀rọ géèmù bó bá jẹ́ pé ojú díìsì ló fẹ́ tún ṣe. Switch kò ní díìsì.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi?

Ẹ wo ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kéré, ẹ lè fi fóònù yà á kó tóbi. HAC-001 ni Switch àkọ́kọ́, nọ́ńbà gígùn ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà ń wọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n tó jó fíúsì ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. HAC-001(-01), pẹ̀lú àmì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn, ti ní chip tuntun. HDH-001 ni Lite, HEG-001 ni OLED. BEE-001 ni Switch 2, chip mìíràn pátápátá ló wà nínú rẹ̀. Ní ti ban, lẹ́tà ẹ̀yìn kò lè sọ ọ́: ẹ so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ hotspot fóònù yín níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wọ eShop, ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ tún pa á pátápátá, kí ẹ tún un tàn lójú rẹ̀, torí AutoRCM kì í hàn títí ẹ̀rọ á fi kú tán.

Bàbá tí ẹnjiníà dá tirẹ̀ padà bó ṣe gbà á ya ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. HEG-001. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹnjiníà ọ̀hún ti ń ki jig bọ̀ ọ́.